Ọkọ̀ Tó Ń Mí

Àlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóò, ó dá lórí Ìjàpá Tìrókò, ọkọ Yánníbo. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sẹ́yìn yẹn, ẹ sún mọ́ bí. Bí mo bá dá orin, kí ẹ gbè é. Ègbè rẹ̀ kò le: “Wẹ́rẹ́, omi, wẹ́rẹ́.” Ẹni tó bá sì rò pé òun mọ ilé ẹni tí mò ń bá wí, kó má nàka o. Ẹranko ni mò ń sọ.

Nígbà kan, àwọn ẹranko ń gbé ní Ìbàdàn. Erin ń gbé ní Màpó lórí òkè, torí pé kò sí ilé mìíràn tó gbà á. Ìjímèrè àti àwọn ará ilé rẹ̀ ń gbé ní Bẹẹrẹ. Òkété ń gbé ní Ọjà'ba, lábẹ́ ìsọ̀ àwọn ẹlẹ́lùbọ́. Ìjàpá ń gbé ní Bẹ́yẹrúnkà. Ìgbín nìkan ni kò gbà láti wọ ìlú. Ó ní oúnjẹ tí Lágelú tó tẹ Ìbàdàn dó àti àwọn ọmọ rẹ̀ fi àwọn baba ńlá òun ṣe lórí Òkè Ìbàdàn, òun kò tíì gbàgbé.

Ní 1942 ni wọ́n sé odò Ọ̀nà mọ́ Ẹlẹ́yẹlé kí ìlú lè rí omi ẹ̀rọ mu. Àwọn ẹranko kò rí ti omi ẹ̀rọ rò. Adágún ni wọ́n rí, omi tó tẹ́ lọ rẹrẹẹrẹ tí ẹnikẹ́ni kò fi ṣe nǹkan kan.

Lọ́jọ́ kan, Lékeléke ti Èpé dé. Ó ní, “Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, omi yín ń sùn. Ní ọ̀dọ̀ wa, bí ọjọ́ ọdún bá pé, ọkọ̀ la fi ń díje lórí ọ̀sà. Rẹ̀gátà là ń pè é. Ìlù á máa dún, aṣọ ẹgbẹ́ á máa dán, àjẹ̀ á wọlé lẹ́ẹ̀kan, á jáde lẹ́ẹ̀kan.”

Ara àwọn ẹranko kò lélẹ̀ mọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Màpó ti dá ẹgbẹ́ awakọ̀ sílẹ̀. Bẹẹrẹ dá tiwọn. Ọjà'ba dá tiwọn. Bẹ́yẹrúnkà dá tiwọn. Ẹ ó bi mí pé odò wo ló wà ní Bẹẹrẹ tí wọ́n fi ní ẹgbẹ́ awakọ̀. Ẹ lọ bi wọ́n. Mo mọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan tí kò ní bọ́ọ̀lù, tó sì ní alága, igbákejì alága àti bàbá ìsàlẹ̀.

Wọ́n fi ẹ̀bùn lélẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá gbapò kìíní yóò gba ìkòkò àmàlà, ìkòkò gbẹ̀gìrì, ìkòkò ewédú àti agbọ̀n ẹja àrọ̀ yíyan kan. Wọ́n yan ìgbìmọ̀. Erin di alága. Àkùkọ ni yóò ké kí wọ́n tó gbéra. Ewúrẹ́ ni yóò máa yẹ ọkọ̀ wò. Ó ku akọ̀wé. Erin béèrè ẹni tó mọ̀wé. Gbogbo wọn wolẹ̀. Ìjàpá ki ọwọ́ bọ abẹ́ ìkarahun rẹ̀, ó yọ gègé kan jáde. Kò sẹ́ni tó béèrè bóyá ó mọ̀wé. Gègé ni wọ́n rí.

Ìyẹn tán. Ẹni àkọ́kọ́ tó wá forúkọ sílẹ̀ ni Pẹ́pẹ́yẹ. Ó wá láti etí Ògùnpa, àwọn ọmọ rẹ̀ tò tẹ̀lé e lẹ́yìn. Ìjàpá wo ẹsẹ̀ Pẹ́pẹ́yẹ. Ó wo ẹsẹ̀ àwọn ọmọ. Àjẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé, bí àwọn wọ̀nyí bá wọ omi, àmàlà ti lọ.

Ó ní kí wọ́n padà wá lọ́la.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ wà lábẹ́ òrùlé Màpó, ó ń ròyìn ilẹ̀ òyìnbó. Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ kì í fi ọdún kan ṣeré kó má dé ọ̀hún. Ó ní ní Henley, létí odò Thames, láti 1839 ni wọ́n ti ń bá ara wọn díje nínú ọkọ̀. Àwọn ọlọ́lá ló ni ibẹ̀. Wọ́n ṣòfin pé ẹni tó bá ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ jẹun kò gbọdọ̀ bá àwọn wakọ̀. Ní 1920, John Kelly, bíríkìlà ará Philadelphia, kọ̀wé pé òun ń bọ̀. Wọ́n dá ìwé rẹ̀ padà. Jack Beresford ló gba ife tí Kelly fẹ́ díje fún. Lọ́dún yẹn kan náà, Beresford àti Kelly pàdé ní Antwerp, níbi ìdíje Olympic. Kelly ló borí.

Gbogbo àwọn tó wà lábẹ́ òrùlé rẹ́rìn-ín. Ìjàpá kò rẹ́rìn-ín. Ibi òfin ló dá dúró sí. Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ kò tíì dé ibi tí wọ́n ti yọ òfin náà kúrò ní 1937, àti bí ọmọ Kelly ṣe wá gba ife yẹn gan-an ní 1947, tí Ìjàpá fi dìde. Ó ní oorun ń kun òun.

Ilẹ̀ mọ́. Ìjàpá ka ìwé lójú ìgbìmọ̀. Ó ní, “Ẹ̀yin àgbà, ìdọ́gba la fẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ń jẹun nínú omi kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ kan omi lọ́jọ́ ìdíje.”

Erin ní, “Ìdọ́gba dára.” Ó gbé ẹsẹ̀ lé ìwé náà. Òǹtẹ̀ nìyẹn.

Pẹ́pẹ́yẹ ní, “Bàbá Erin, ẹ jọ̀ọ́, ṣé torí pé a mọ̀ ọ́n ṣe ni a kò fi ní ṣe é?”

Erin húkọ́. Ìjàpá ló dáhùn. Ó ní, “Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ, ẹ má bínú. A ó fún yín níbi tó dára jókòó. Ìwòran náà níyì.”

Wọ́n ka òfin kejì. Àgbà kì í bá ọmọdé sáré dọ́gba, torí náà kí wọ́n jẹ́ kí arúgbó ṣíwájú díẹ̀. Wọ́n béèrè ọjọ́ orí kálukú. Ìjàpá ní nígbà tí wọ́n ṣí gbọ̀ngàn Màpó ní 1929, òun ti ní ọmọ-ọmọ. Wọ́n fún un ní ogún àjẹ̀ níwájú.

Wọ́n ka òfin kẹta. Ọ̀gbẹ̀rì tí kò tíì fọwọ́ kan àjẹ̀ rí, kí wọ́n jẹ́ kí òun náà ṣíwájú. Wọ́n béèrè ta ni ọ̀gbẹ̀rì. Ìjàpá nawọ́.

Òkété ní, “Bàbá, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ní àgbà ni yín.”

Ìjàpá ní, “Àgbà ni mí nílé. Ọ̀gbẹ̀rì ni mí lómi.”

Wọ́n tún fún un ní ogún àjẹ̀.

Wọ́n ṣẹ́ ìbò láti fi pín ojú ọ̀nà. Ta ló gbé àpò ìbò lọ́wọ́? Akọ̀wé ni. Ọ̀nà tí ojúoró bò bámúbámú bọ́ sọ́wọ́ Màpó. Ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń kọlù bọ́ sọ́wọ́ Bẹẹrẹ. Ọ̀nà tí kùkùté igi kún inú rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Ọjà'ba. Ọ̀nà tó mọ́ tónítóní bọ́ sọ́wọ́ Bẹ́yẹrúnkà. Ìjàpá ní orí òun ló ṣe é.

Ṣùgbọ́n Ìjàpá kò mọ ọkọ̀ í wà. Ẹ má gbàgbé ìyẹn. Pẹ̀lú ogójì àjẹ̀ níwájú, pẹ̀lú ọ̀nà tó mọ́, ó mọ̀ pé Ìjímèrè yóò lé òun bá. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń yí òfin, ibẹ̀ ni ẹ̀rù rẹ̀ wà.

Ó di òru, ó lọ bá Ọ̀ọ̀nì ní Ẹlẹ́yẹlé.

Ó ní, “Ọ̀ọ̀nì, ọ̀rẹ́ mi, ṣé o ti jẹ àmàlà rí?”

Ọ̀ọ̀nì ní òun kò jẹ ẹ́ rí. Láti kékeré ni afẹ́fẹ́ ti ń gbé òórùn gbẹ̀gìrì wá bá òun lójú omi, ẹja tútù ni òun sì ń jẹ títí di òní. Ni Ìjàpá bá jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Bí wọ́n ṣe ń fi ọmọrogùn ro ó títí kókó á fi tán. Bí ó ṣe dúdú, tó ń dán, tí èéfín ń yọ lórí rẹ̀. Gbẹ̀gìrì lápá kan, ewédú lápá kejì, ọbẹ̀ ata lókè pẹ̀lú epo tó ń ṣàn wá sí ẹ̀gbẹ́ àwo. Ẹja wà lábẹ́, ìka ni wọ́n fi ń wá a. Bí ó ṣe ń sọ ọ́ ni itọ́ Ọ̀ọ̀nì ń dà. Wọ́n ní omi Ẹlẹ́yẹlé ga sí i lóru ọjọ́ náà.

Ọ̀ọ̀nì ní, “Kí ni kí n ṣe?”

Ìjàpá ní, “Kò sí. Kí o ṣáà dùbúlẹ̀. Igi ni gbogbo ayé kúkú ń pè ọ́ tẹ́lẹ̀. A ó jọ pín in sí méjì.”

Wọ́n to pákó sí ẹ̀yìn Ọ̀ọ̀nì. Wọ́n fi ẹfun àti osùn kùn ún láti orí dé ìrù. Ó di ọkọ̀.

Ọjọ́ pé. Ewúrẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ọkọ̀ wò. Ó dé ọ̀dọ̀ Bẹ́yẹrúnkà, ó dúró. Ó gbóòórùn. Ó fi etí tì í.

Ó ní, “Akọ̀wé, ọkọ̀ yín ń mí.”

“Igi tútù ni. Igi tútù máa ń mí.”

“Ọkọ̀ yín lójú.”

“Ibi tí ẹ̀ka ti ṣẹ́ ni.”

“Akọ̀wé, ẹ̀ka náà ṣẹ́jú.”

Ìjàpá na ìdì ewédú tútù kan sí i. Ewúrẹ́ jẹ ẹ́. Ó jẹ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń wo òkè. Nígbà tó gbé e mì, ó ní, “Igi líle ni.” Ó kọjá síbi ọkọ̀ Màpó. Ó rí ìṣó kan tó yọrí níbẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ náà padà lọ tún ṣe.

Àkùkọ ké. Ìjàpá ti lọ ogójì àjẹ̀ kí àwọn yòókù tó gbéra. Síbẹ̀, Ìjímèrè àti àwọn ọmọ Bẹẹrẹ dojú kọ afẹ́fẹ́, wọ́n ń wà á, wọ́n ń sún mọ́ ọn. Ìjàpá bojú wẹ̀yìn. Ó dá orin sí ọkọ̀ rẹ̀:

Ọkọ̀ mi, gbéra ńlẹ̀ o,
*Wẹ́rẹ́, omi, wẹ́rẹ́.*
Abẹ́ omi ni kí o máa tì,
*Wẹ́rẹ́, omi, wẹ́rẹ́.*
Ẹnu rẹ ni kí o pa mọ́,
*Wẹ́rẹ́, omi, wẹ́rẹ́.*
Àmàlà ń bẹ lébùúté,
*Wẹ́rẹ́, omi, wẹ́rẹ́.*
Gbẹ̀gìrì ń bẹ lébùúté,
*Wẹ́rẹ́, omi, wẹ́rẹ́.*

Orin náà dùn. Gbogbo òǹwòran ń gbè é, bí ẹ ṣe ń gbè é yìí. Bí wọ́n bá ti gbè é, ìrù Ọ̀ọ̀nì á jù lábẹ́ omi. Nínú ọkọ̀ Ìjàpá, Yánníbo gbé àjẹ̀ lé ẹsẹ̀. Ọ̀yà ń jẹ koríko. Àjẹ̀ Ajá kò tilẹ̀ kan omi, ó ń fi í ju ọwọ́ sí àwọn ará ilé rẹ̀. Ọkọ̀ ń lọ ṣáá.

Erin rí i. Erin ga, kò sí ohun tí Erin kì í rí. Ó yíjú sí ọ̀nà Mọ́kọ́lá, ó ní ó dà bí ẹni pé òjò ń ṣú.

Ìjàpá gbapò kìíní. Wọ́n kó ìkòkò jáde. Ìjàpá bu àmàlà fún alága, ó bu fún Àkùkọ, ó kó ewédú fún Ewúrẹ́. Òun àti ilé rẹ̀ jókòó ti ìyókù. Òkété, ọmọ Ọjà'ba, tí ọkọ̀ tirẹ̀ ti há sí kùkùté, ló wá sọ̀rọ̀. Ó ní, “Bàbá, ọkọ̀ yìí ṣe bẹbẹ. Ẹ jẹ́ ká ta ọbẹ̀ díẹ̀ sílẹ̀ fún un, ká fi yẹ́ ẹ sí.”

Ìjàpá nu ẹnu. Ó sọ ọ́ sókè, kí gbogbo ayé lè gbọ́: “Ọkọ̀ wo? Ọkọ̀ kì í jẹun.”

Ọ̀ọ̀nì wà létí omi níbi tí wọ́n so ó mọ́. Òórùn gbẹ̀gìrì ń fẹ́ yẹ́ẹ́ kọjá lórí imú rẹ̀. Ó gbọ́.

Lóru, Ìjàpá wá tú okùn. Ó ní olè ló gbé ti Ọ̀ọ̀nì lọ. Ó ní lọ́dún tó ń bọ̀, ìlọ́po méjì ni. Ọ̀ọ̀nì ní, “Ó dára.” Ọ̀ọ̀nì kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Eyín rẹ̀ ló pọ̀.

Ọdún yípo. Àwọn yòókù náà ti gbọ́n. Bẹẹrẹ lọ kó àwọn àna wọn wá láti Èpé, wọ́n ní ọmọ Bẹẹrẹ ni wọ́n, ọmọ Bẹẹrẹ tó ń béèrè ọ̀nà Màpó lọ́wọ́ ọmọdé. Màpó bu ọjọ́ orí kún tiwọn, gbogbo awakọ̀ wọn ló ní òun bá Olúyọ̀lé àtijọ́ jagun. Akọ̀wé kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Báwo ni yóò ṣe bi wọ́n?

Àkùkọ ké. Ọkọ̀ gbéra. Ó dé àárín omi, ibi tó jìn jù lọ. Ìjàpá dá orin, àwọn èrò gbè é. Ọkọ̀ kò lọ. Ìjàpá tún un dá. Ọkọ̀ dúró. Ìjàpá fi ẹsẹ̀ gbá pákó. Ni ọkọ̀ bá la ẹnu, ó gbà á lórin:

Ìjàpá, o gbóhùn mi bí?
*Wẹ́rẹ́, omi, wẹ́rẹ́.*
Ọkọ̀ wo? Ọkọ̀ kì í jẹun,
*Wẹ́rẹ́, omi, wẹ́rẹ́.*
Èyí tí kì í jẹun ò lágbára,
*Wẹ́rẹ́, omi, wẹ́rẹ́.*
Ó rẹ̀ mí, mo fẹ́ dùbúlẹ̀,
*Wẹ́rẹ́, omi, wẹ́rẹ́.*

Àwọn èrò ń gbè é lọ, wọn kò tíì mọ̀ pé orin ti yí padà. Ọ̀ọ̀nì wọlẹ̀ sábẹ́ omi. Ajá lúwẹ̀ẹ́, ó gbé Yánníbo jáde. Ọ̀yà lúwẹ̀ẹ́. Ìjàpá kò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Gègé bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó rì. Òun náà di ojúoró mú, ojúoró ń já.

Ó ń ké, “Pẹ́pẹ́yẹ! Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ o!”

Pẹ́pẹ́yẹ dìde níbi tó dára tí wọ́n ní kó jókòó. Ó rìn dé etí omi, ó dúró. Ó ní, “Akọ̀wé, òní ni ọjọ́ ìdíje.”

“Mo mọ̀! Ẹ gbà mí!”

“Inú omi ni mo ti ń jẹun.”

“Mo pa òfin náà rẹ́!”

Pẹ́pẹ́yẹ yíjú sí Erin. Ó ní, “Bàbá, ṣé akọ̀wé lè dá òfin pa rẹ́?”

Erin ronú. Ó ní kò lè ṣe é, ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ jókòó. Ìgbìmọ̀ jókòó. Àkùkọ dábàá. Ewúrẹ́ gbè é lẹ́yìn. Erin ní kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, akọ̀wé wà nínú omi. Wọ́n ní kó máa pè é láti ibẹ̀. Ó la ẹnu, omi wọlé. Pẹ́pẹ́yẹ ní, “Ẹ sọ ọ́ sókè, a kò gbọ́.”

Nígbà tí ìkarahun nìkan ló kù lójú omi, Pẹ́pẹ́yẹ wọ omi lọ láìgba àṣẹ ẹnikẹ́ni. Ó ti Ìjàpá títí dé ibi ìsédò. Ìgbì gbé e, ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ gbá òkúta, gbàà! Ìkarahun fọ́ yángá. Bí Pẹ́pẹ́yẹ ṣe wọ́ ọ gun orí ilẹ̀ báyìí ni Ọ̀ọ̀nì náà jáde, pákó ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò wo Ìjàpá. Ibi tí ìkòkò wà ló ń lọ. Ìgbìmọ̀ kò dúró jíròrò ìyẹn. Ewúrẹ́ ló ṣáájú, Erin tẹ̀ lé e, wọn kò bojú wẹ̀yìn títí wọ́n fi gun òkè Màpó. Ọ̀ọ̀nì jẹ àmàlà. Ó jẹ gbẹ̀gìrì. Ó lá ìkòkò ewédú, ó gbé ẹja àrọ̀ mì pẹ̀lú agbọ̀n.

Ní ọjọ́ kẹta, ìgbìmọ̀ jókòó ní Màpó. Ìjàpá wá, wọ́n ti fi àtè lẹ ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀. Wọ́n ní kó sọ tẹnu rẹ̀. Ó ní kí wọ́n ṣí ìwé òfin, kí wọ́n fi ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ọkọ̀ kò gbọdọ̀ mí han òun. Wọ́n wá a láti òwúrọ̀ di ọ̀sán. Wọn kò rí i. Ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n rí nínú gbogbo ìwé náà: Pẹ́pẹ́yẹ wọ omi lọ́jọ́ ìdíje.

Erin húkọ́. Ó ní òfin ni òfin, kí Pẹ́pẹ́yẹ san owó ìtanràn.

Pẹ́pẹ́yẹ ní, “Mo gbà, Bàbá. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.”

Ìjàpá ki ọwọ́ bọ abẹ́ ìkarahun. Kò rí gègé. Ó ti rì sí Ẹlẹ́yẹlé.

Pẹ́pẹ́yẹ ní, “Mo mọ ibi tó wà. Ṣé kí n wọ omi lọ mú un wá?”